Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Nípa Gbígba Ìmọ̀ràn fún Ọkàn láti Orí Fóònù àti Íntánẹ́ẹ̀tì

Kíkà: 1 Àwọn Ọba 19, ẹsẹ 1 sí 18, Jóòbù 2, ẹsẹ 11 sí 13, 3 Jòhánù, ẹsẹ 13 àti 14.



Ọ̀ràn tí a fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀ ní oṣù yìí kì í ṣe èyí tí àwọn bàbá wa bá pàdé, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ilé wa ná. Láti ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo wa mọ́ ilé, púpọ̀ nínú àwọn ará Òṣogbo àti ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ó ti gbọ́ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú lè bá olùdámọ̀ràn sọ̀rọ̀ láti orí fóònù, láìjáde kúrò nínú yàrá rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe é. Àwọn àgbà ń ṣiyè méjì sí i. Àwọn kan sọ pé ẹ̀tàn ni. Àwọn mìíràn sọ pé ẹni tí ó bá ṣe é ti kọ àdúrà sílẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ ohun tí ó jẹ́, ohun tí ènìyàn yóò bá pàdé níbẹ̀, àti ohun tí kò gbọdọ̀ retí láti ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ohun ìdìgbòlù kan kúrò lójú ọ̀nà. Ní èdè wa, bí a bá ti dárúkọ àìsàn ọpọlọ, wèrè tí ó ti wọ ọjà ni ó ń wá sí ọkàn olúkúlùkù: ẹni tí ó wọ àkísà, tí ó ń dá sọ̀rọ̀ ní ìkóríta. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kéré níye lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń lọ sí ibi iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́, tí ń kí ènìyàn tẹ̀ríntẹ̀rín, tí ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí oorun kò sì kùn wọ́n láti oṣù mẹ́ta wá. Ní ọdún 2006, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá nǹkan bí 5,000 àgbàlagbà lẹ́nu wò káàkiri ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé nínú ènìyàn 100, bí 12 ni irú àìsàn ọkàn tàbí ti ọpọlọ kan ti bá jà rí ní ọjọ́ ayé wọn. Nínú àwọn tí tiwọn sì le gidigidi, bí 8 péré nínú 100 ni ó rí ìtọ́jú gbà láàrin ọdún kan. Àwọn ìyókù ńkọ́? Wọ́n dákẹ́. A sì máa ń wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ yóò mọ ọ̀kan nínú àwọn oníṣòro wọ̀nyí dáadáa. Ní ọdún 1960, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí ń wá sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn pé orí ń gbóná wọn, pé ohun kan ń rìn nínú rẹ̀, pé bí wọ́n bá ṣí ìwé, ojú wọn a ṣú, ohun tí wọ́n ń kà kò sì wọlé mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà pè é ní ọpọlọ tí ó rẹ̀. A kò gbọdọ̀ tètè pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ẹrù gbogbo ẹbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn rù wọ inú yàrá ìdánwò: ẹ̀gbọ́n tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìyá tí ó ta aṣọ, àti àwọn àbúrò mẹ́rin tí ń dúró dè é.

Òwe kan wà tí ó yẹ kí a fi ìṣọ́ra lò láàrin wa: pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Nípa ológun àti ọlọ́lá ni àwọn àgbà fi ń pa á. Lónìí a ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó jẹ gbèsè àjọ, lẹ́nu ọmọ tí kò yege nínú WAEC, àti lẹ́nu ìyàwó tí kò tíì bímọ. Àwa Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Òṣómàáló, tí àwọn bàbá wa lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde, ó máa ń ṣòro fún wa láti jẹ́wọ́ pé ẹrù kan ti wúwo jù fún wa. Kì í ṣe ìgboyà ni gbogbo ìdákẹ́jẹ́.

Ẹ wo wòlíì Èlíjà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá ti òkè Kámẹ́lì, ó sá lọ sínú aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun. Ẹ kíyè sí bí a ti ṣe ìtọ́jú rẹ̀. A kò kọ́kọ́ bá a wí. A jẹ́ kí ó sùn. A fún un ní oúnjẹ àti omi. A tún jẹ́ kí ó sùn. A tún fún un ní oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni a bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀, ó sì sọ gbogbo ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Nígbà tí a tún bi í ní ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà gan-an ni ó fọ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé, a ti gbọ́ èyí tẹ́lẹ̀. Ìkẹyìn ni a tó fún un ní iṣẹ́ láti ṣe, tí a sì fi ẹnìkejì kún un. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó níwájú olùdámọ̀ràn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò mọ ètò yìí bí ó bá kà á.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi bá a jókòó lórí ilẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ọjọ́ méje náà ni ó dára jùlọ nínú gbogbo iṣẹ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.

Ìjọ Áńgílíkà pàápàá kò ṣe àjèjì sí irú iṣẹ́ yìí. Nínú Ìwé Àdúrà ti 1662, níbi ìkìlọ̀ tí a ń kà ṣáájú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, a pe ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá lè fara balẹ̀ pé kí ó tọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ó ní òye lọ ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sì gba ìmọ̀ràn. Àlùfáà Áńgílíkà kan náà ni ó sì kọ́kọ́ fi tẹlifóònù ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni Chad Varah. Ní ọdún 1935, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ àlùfáà ní ìlú Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sin òkú ọmọdébìnrin kan tí ó pa ara rẹ̀. Ohun tí ó fà á ni pé ọmọ náà rí nǹkan oṣù rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì rò pé àrùn ìtìjú ni. Kò sí ẹni tí ó lè bi. Varah kò gbàgbé ibojì náà. Ní ọdún 1953, nígbà tí ó ti di àlùfáà ìjọ St Stephen Walbrook ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kéde nọ́ḿbà tẹlifóònù kan fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń rò láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ìpè àkọ́kọ́ sì wọlé ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún náà. Àwọn ènìyàn ń wá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní láti gba àwọn ará ìjọ àti ará ìlú pé kí wọ́n máa fún àwọn tí ń dúró dè é ní tíì, kí wọ́n sì máa bá wọn jókòó. Láìpẹ́ ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ń padà lọ sí ilé pẹ̀lú ọkàn tí ó fúyẹ́ láìtíì rí òun rárá: àwọn tí ó fún wọn ní tíì ti tẹ́tí sí wọn. Báyìí ni ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Samaritans ṣe bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ wọn kò sì tíì dúró di òní.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀nà náà gùn. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣí ilé àwọn wèrè ní Yábà ní ọdún 1907, ibi ìhámọ́ ni ó jẹ́ ju ibi ìwòsàn lọ. Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó yí ọ̀ràn náà padà ní Àrò láti ọdún 1954. Ó fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan kọ̀ọ̀kan sì ń tẹ̀lé aláìsàn tirẹ̀ wá láti máa se oúnjẹ fún un. Ó rí i pé ara ènìyàn wa ń tètè yá láàrin ènìyàn. Ìmọ̀ràn orí fóònù mú ìtọ́jú padà wá sí ilé bí ti Lambo, ṣùgbọ́n ó mú un wá fún ẹnì kan ṣoṣo, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí a tì. Èyí ni agbára rẹ̀. Èyí náà ni àìlera rẹ̀, a ó sì padà sí i.

Ohun tí ó sọ ọ́ di ohun tí a ń wá ni àìtó àwọn oníṣègùn. Dókítà àìsàn ọpọlọ tí ó wà ní Nàìjíríà gbogbo kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, àwa sì ju 200 mílíọ̀nù lọ. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gureje àti àwọn tirẹ̀ ti kọ́ bí 200 òṣìṣẹ́ ìlera ní ìjọba ìbílẹ̀ 8 bí a ti ń dá àìsàn ọkàn mọ̀ àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀ ní àwọn ilé ìlera kéékèèké, iṣẹ́ rere ni. Síbẹ̀ olùkọ́ tí ó wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìbòkun tàbí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà kò ní rí onímọ̀ ọkàn ní ìtòsí rẹ̀. Bí ó bá sì rí i, ẹ̀rù lè bà á pé a ó rí òun ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Fóònù ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti tàn ká ilẹ̀ wa láti ọdún 2001. Ní ọdún 2016 ni àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ Mentally Aware Nigeria Initiative sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní MANI; ọdún náà ni Hauwa Ojeifo dá She Writes Woman sílẹ̀; ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà sì ní SURPIN tirẹ̀, fún àwọn tí èrò pípa ara ẹni ń dà láàmú. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, àwọn onímọ̀ ọkàn púpọ̀ ti ń rí àwọn ènìyàn láti orí fóònù fún owó.

Nísinsin yìí, kí ni ènìyàn yóò bá pàdé?

Ibi tí ẹ ó jókòó sí ni ìṣòro àkọ́kọ́, ó sì le ju bí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti lè mọ̀ lọ. Ilé wa kún. Ògiri kò nípọn. Àwọn ọmọ ń wọlé láìkan ìlẹ̀kùn. Ìyá ọkọ wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Àwọn kan ń jókòó sínú ọkọ̀ ní ibi tí ó dákẹ́. Olùkọ́ lè lo yàrá ìkàwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sí ilé. Àwọn mìíràn ń lọ sí oko. Ẹ fi okùn ìgbọ́rọ̀ sí etí, kí ó má bàa jẹ́ pé a ń gbọ́ ẹni tí ó wà lódì kejì. Ẹ fún fóònù ní iná kíkún kí wọ́n tó mú iná lọ. Bí ẹ bá sì ní láti yàn, ohùn tí kò já sàn ju àwòrán tí ń dúró lójú kan lọ, dátà rẹ̀ sì kéré. Ẹ bá olùdámọ̀ràn ṣe àdéhùn ohun tí ẹ ó ṣe bí nẹ́tíwọ̀kì bá já: ta ni yóò tún pe ẹnìkejì? Ẹni tí ń sunkún tí ohùn sì já mọ́ ọn lẹ́nu lè rò pé a ti kọ òun sílẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, a ó fún yín ní fọ́ọ̀mù. A ó bèèrè orúkọ, ọjọ́ orí, àwọn oògùn tí ẹ ń lò, orúkọ ẹnì kan tí a lè pè bí ọ̀ràn bá di pàjáwìrì, àti ibi tí ẹ wà gan-an ní ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn láti fi ìbéèrè ìkẹyìn yìí pamọ́. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Olùdámọ̀ràn lè wà ní Èkó nígbà tí ẹ wà ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Bí ewu bá dé, kí ni yóò ṣe bí kò bá mọ ibi tí yóò rán ènìyàn sí?

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ máa ń gba ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìbéèrè ni ó pọ̀ jù: bí ẹ ti ń sùn, bí ẹ ti ń jẹun, iṣẹ́, ọtí, ẹni tí ó kú ní ilé, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà èwe. A ó sì bi yín bóyá ẹ ti rò ó rí láti pa ara yín. Ẹ má ṣe bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ má sì ṣe sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí ẹ sì fò ó. Bíbèèrè kì í fi èrò náà sí ọkàn ẹni tí kò ní in. Ẹni tí ó ní in ni ó ń rí ọ̀nà láti sọ ọ́.

Ohun kan wà tí ó ń ya àwọn ènìyàn wa lẹ́nu, tí ó sì ń mú kí wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan. Nígbà tí a bá mú ọ̀ràn tọ àgbà lọ, àwa a sọ díẹ̀, àgbà a sọ púpọ̀, a ó sì padà sí ilé pẹ̀lú ìdájọ́. Níhìn-ín, ẹ̀yin ni ẹ ó sọ púpọ̀. Olùdámọ̀ràn kò ní sọ fún yín pé kí ẹ kọ ọkọ sílẹ̀ tàbí kí ẹ má kọ̀ ọ́. Nígbà mìíràn yóò dákẹ́, yóò sì dúró. Ẹni tí ó sanwó lè máa wí nínú ara rẹ̀ pé, èyí kò sọ nǹkan kan fún mi. Ọ̀rọ̀ náà, ìmọ̀ràn, ni ó tàn wá jẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ẹni tí ń bá wa gbé iná sókè nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, kí a lè rí ẹrù tiwa fúnra wa. Lẹ́yìn náà ni yóò fún yín ní iṣẹ́ ṣe láàrin ọ̀sẹ̀: kí ẹ kọ èrò tí ó wá sí ọkàn yín ní òru sínú ìwé, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sán, kí ẹ máa dìde ní wákàtí kan náà, kí ẹ máa rìn díẹ̀, kí ẹ kí ọ̀rẹ́ kan tí ẹ ti ń sá fún. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ náà kò ní jèrè púpọ̀.

Ìpàdé kan lọ́sẹ̀ ni ó wọ́pọ̀, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ó lè dà bí ẹni pé ọ̀ràn ń burú sí i, nítorí a ti ṣí egbò àtijọ́. Ẹ sọ èyí fún olùdámọ̀ràn. Ẹ má ṣe sá. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin àti òun kò bára mu, ẹ lè bèèrè fún ẹlòmíràn láìsí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má retí oògùn láti ọ̀dọ̀ onímọ̀ ọkàn. Dókítà nìkan ni ó lè kọ oògùn, olùdámọ̀ràn tí ó dára ni yóò sì sọ fún yín nígbà tí ó bá tó àkókò láti lọ rí dókítà.

Èdè ńkọ́? Ẹ bèèrè fún ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Bí ẹnì kan bá ń sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn ni ó ń rí. Ṣùgbọ́n kí ó wí pé ara òun kò lélẹ̀, pé àyà òun ń já, pé ohun kan di òun lọ́kàn bí òkúta, ẹni tí ó gbọ́ èdè yóò mọ ibi tí ó dé. Ní Zimbabwe, níbi tí Dókítà Dixon Chibanda ti kọ́ àwọn ìyá àgbà ní Harare láti máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn oníbànújẹ́ láti ọdún 2006, wọn kò lo orúkọ òyìnbó kan fún àìsàn náà. Ọ̀rọ̀ èdè tiwọn tí ó túmọ̀ sí àròjù ni wọ́n lò, àwọn ènìyàn sì wá.

Ní ti ìpamọ́ àṣírí: olùdámọ̀ràn gbọdọ̀ pa ọ̀rọ̀ yín mọ́. Òfin kan náà ti de àwọn àlùfáà wa láti ọdún 1603, nínú Kánọ́ọ̀nù 113, pé kí wọ́n má ṣe tú ohun tí a jẹ́wọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ti olùdámọ̀ràn ní ààlà, ó sì yẹ kí ó sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́: bí ẹ̀mí yín bá wà nínú ewu, bí ẹ bá fẹ́ pa ẹlòmíràn, bí a bá ń ṣe ọmọdé ní ibi, tàbí bí ilé-ẹjọ́ bá pàṣẹ, ó lè sọ̀rọ̀ jáde. Olùdámọ̀ràn tí ó bá ṣèlérí pé òun kò ní sọ ohunkóhun láéláé ń ṣèlérí ohun tí kò lè mú ṣẹ.

Àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ náà tún wà láàrin. Ní ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà mú ilé iṣẹ́ BetterHelp, tí ó tóbi nínú iṣẹ́ yìí, pé ó fi ìròyìn nípa àwọn tí ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀ fún Facebook àti àwọn mìíràn nítorí ìpolówó ọjà, ó sì ní láti san 7.8 mílíọ̀nù dọ́là. Ọdún náà ni Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ lórí ìpamọ́ ìròyìn ènìyàn. Ẹ bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ yín ń lọ kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bèèrè pẹ̀lú ibi tí olùdámọ̀ràn ti kẹ́kọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ sí. Bí ó bá pe ara rẹ̀ ní dókítà, orúkọ rẹ̀ gbọdọ̀ wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń rí sí àwọn dókítà ní Nàìjíríà, èyí tí a ń pè ní MDCN. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè náà. Owó yàtọ̀ síra. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kan kì í gbà rárá. Ẹni tí ó bá bèèrè owó ẹbọ, tàbí tí ó ní kí ẹ fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́, ọlọ́ṣà ni.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe ènìyàn ni ó ń dáhùn. Ní ọdún 1966, Joseph Weizenbaum ní Amẹ́ríkà ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní ELIZA, tí ń dá ọ̀rọ̀ ènìyàn padà sí i bí ìbéèrè. Ẹ̀rọ náà kò lóye ohunkóhun. Síbẹ̀ akọ̀wé rẹ̀ obìnrin, tí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jáde kúrò nínú yàrá kí òun lè bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ti òde òní gbọ́n ju ELIZA lọ púpọ̀, wọ́n tilẹ̀ ń dáhùn ní Yorùbá. Wọ́n lè ràn ènìyàn lọ́wọ́ láti to èrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í kan ìlẹ̀kùn, kì í sì í pe ẹ̀gbọ́n yín ní agogo méjì òru.

Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́ bí? Ní ọdún 2012, David Mohr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago tẹ ìwádìí kan jáde nípa ènìyàn 325 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Wọ́n pín wọn sí méjì: apá kan gba ìtọ́jú láti orí tẹlifóònù, apá kejì lójúkojú. Àwọn ti tẹlifóònù tí ó fi í sílẹ̀ láàrin ọ̀nà kéré ju ti ẹ̀kejì lọ, nígbà tí ìtọ́jú sì parí, ara apá méjèèjì ti yá bákan náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí ó rí olùtọ́jú wọn lójúkojú le díẹ̀ sí i. Jòhánù àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń parí lẹ́tà rẹ̀ kẹta: ó ní ohun púpọ̀ láti kọ, kò sì fẹ́ fi tàdáwà àti kálámù kọ wọ́n, ó fẹ́ rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú. Síbẹ̀ ó kọ lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá lè dé Ifẹ̀, kí ó gba ti orí fóònù. Ẹni tí ó bá lè dé ibẹ̀, kí ó lọ.

Àwọn kan wà tí fóònù kò tó fún. Ẹni tí ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ púpọ̀ tí ó sì ń ná owó bí omi, ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ó ń sọ pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ, ẹni tí gìrì ń mú, àti ẹni tí ó ti ra oògùn kòkòrò pamọ́: ilé ìwòsàn ni ti àwọn wọ̀nyí, ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ̀ka ìlera ọpọlọ wà ní Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tí ó ti wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ti Ifẹ̀ láti ọdún 1975. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọ̀ṣun sì wà ní Òṣogbo. 112 ni nọ́ḿbà pàjáwìrì ti ìjọba. Kí ẹ mú oògùn kòkòrò náà kúrò ní ilé, kí ẹ má fi ẹni náà sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ má sì ṣe dè é mọ́lẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin wèrè ti ìgbà òyìnbó, ó sì sọ pé ẹni tí ó ní àìsàn yìí ní ẹ̀tọ́ bí ènìyàn mìíràn.

Ní ti àdúrà, àwa ará Iléṣà kò lè ṣe bí ẹni pé a kò mọ ọdún 1930, nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn gbé aláìsàn wọn wá sí Òkè Oòye lọ́dọ̀ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. A ń gbàdúrà, a ó sì máa gbàdúrà. Ẹni tí ó bá ń gba ìmọ̀ràn kò tako èyí, bí ẹni tí ń lo oògùn ibà kò ti tako ó. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni ilé àdúrà tí ń fi ẹni tí kò sùn sí inú ààwẹ̀ ọjọ́ 21. A fún Èlíjà ní àkàrà.

Ìjọ lè ṣe ohun kan tí kò ní ná wa ní owó púpọ̀. Mo ti sọ pé àìsí ibi ìkọ̀kọ̀ ni ó ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ìjọ wa kọ̀ọ̀kan ní yàrá aṣọ àlùfáà tàbí yàrá Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí ó ṣófo láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì. Kí a fi àga kan àti tábìlì kan sí i, àti ibi tí a lè ti fi iná sí fóònù nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ fún ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin. Kí ẹnikẹ́ni, ọmọ ìjọ tàbí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, lè gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún wákàtí kan. Kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ má sì bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ lò ó fún.